Kantíkantí Ẹnu Agbè

"Ẹ sún sẹ́yìn o, ẹ sún sẹ́yìn! Ìyá Kantíkantí ti wọlé!"

Ohùn Olúyọmí nìyẹn. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Abíọ́nà gba àárín wọn kọjá. Ó rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó sì dorí kodò. Kòkòrò wínníwínní mẹ́ta ń fò yí irun rẹ̀ ká. Ó fi ọwọ́ lé wọn, wọ́n lọ. Kò tíì gbé ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n fi tún dé.

Ilé-ìwé Mọ́dà kan ní Ìkàrẹ́ ni, ní ọdún 1958. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Abíọ́nà. Ọ̀kà ni ilé wọn wà, níbi tí Lábọ̀dé bàbá rẹ̀ ti ń dá ẹmu, ṣùgbọ́n nítorí ìwé, ọ̀dọ̀ Ìyátúndé, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ta ẹmu ní Ìkàrẹ́, ló ń gbé. Láràárọ̀, bí lọ́rì bá ti gbé agbè ẹmu dé láti Ọ̀kà, Abíọ́nà ni í ru wọ́n dé ìsọ̀ kí ó tó wẹ̀, kí ó tó wọ aṣọ ilé-ìwé. Ọṣẹ kò ràn án. Òórùn ẹmu kì í tán nínú irun ẹni tó ń ru ẹmu, kantíkantí kò sì gbàgbé irú irun bẹ́ẹ̀ rí.

Ti ọjọ́ Ajé yìí burú jù, nítorí orí kòkòrò ni ẹ̀kọ́ wọn dá lé. Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dẹrìn, olùkọ́ wọn, ya àwòrán kan sójú pátákó, ó na pàṣán sí i.

"Eṣinṣin, irù, ẹ̀fọn, amùkùrù tí ń jẹ wá létí odò, àti kantíkantí tí ń bà lé ẹmu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, ìbátan ni gbogbo wọn. Kí la fi mọ̀? Ìyẹ́ méjì péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. Oyin ní mẹ́rin, labalábá ní mẹ́rin. Ẹ̀fọn ń kó ibà ràn wá, irù ń kó àìsàn ràn wá. Kantíkantí kì í ta ènìyàn, kì í jẹ ènìyàn. Ohun dídùn ló ń wá kiri."

Olúyọmí nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí Abíọ́nà wá sọ ìtàn ìdílé wọn fún wa? Òun ló bá wọn tan."

Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dẹrìn fi pàṣán na tábìlì, ẹ̀rín sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti wọlé sí ibi tó ń lọ. Abíọ́nà gbé omijé mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì.

Ohun tó tún dá kún ìrora rẹ̀ ni pé láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni Ilésanmí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó. Ta sì ni ìyàwó? Elizabeth, ẹ̀gbọ́n Olúyọmí. Ní ọjọ́ Sátidé, Abíọ́nà ni yóò ru agbè ẹmu ìtọrọ wọ ilé Olúyọmí, tòun ti kantíkantí lórí, lójú ẹbí àti ará. Ní gbogbo ìgbà tó bá rántí rẹ̀, ara rẹ̀ á bù máṣọ.

Nígbà ìsinmi ọ̀sán, Clement wá jókòó tì í. Ìfìra ni bàbá Clement ti ń dá oko kòkó.

"Má sunkún mọ́," ni Clement wí. "Bàbá mi ra oògùn kan tí wọ́n ń fín sí kòkó. Kòkòrò tó bá fara kàn án, ó parí nìyẹn."

"Ṣé kì í pa ènìyàn?"

"Ta ló ní kí o mu ún? Wọ́n ya agbárí òkú sára agolo rẹ̀, mo ti rí i. Ìta agbè ni wàá fi kàn. Ìyẹ́ adìẹ ni kí o fi pa díẹ̀ sí i lọ́rùn. Kantíkantí tó bá tún tẹ̀ lé ọ, kí o wá fi orúkọ mi sọ ajá."

Ní Ọjọ́bọ̀, Clement mú un dé nínú ìgò íńkì kékeré, ó fi ewé wé e. Ó yẹ kí Abíọ́nà bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè. Ó yẹ kí ó fi han Ìyátúndé. Kò bi ẹnikẹ́ni. Bí a bá ń sá fún ojú àgbà pẹ̀lú ohun kan, inú wa ti mọ̀ pé nǹkan náà kò dára. Ẹnu wa ni kò tíì gbà.

Ní ìdájí Sátidé, ní Ọ̀kà, níbi tí Abíọ́nà ti lọ sùn lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Lábọ̀dé ti oko dé pẹ̀lú ẹmu tuntun. Ó ti fi igbà sí èjìká, inú rẹ̀ dùn, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Ó sẹ́ ẹmu náà sínú agbè ńlá, ó fi ewé gbígbẹ wé èdídí, ó sì fi dé ẹnu agbè lẹ́rọ̀lẹ́rọ̀.

"Abíọ́nà, má dí i pa o. Ẹmu tó ń hó, bí a bá dí i lẹ́nu, agbè á bẹ́. Jẹ́ kí ó máa mí."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

"Ẹmu yìí, kò sí omi níbẹ̀, kò sí ṣúgà níbẹ̀. Nígbà tí mo bá dìde tí mo mu ahá àkọ́kọ́ níwájú wọn, Ọlálẹ́yẹ bàbá Elizabeth á mọ̀ pé ilé ọmọlúàbí lọmọ òun ń bọ̀."

Báyìí ni àṣà wọn: ẹni tó gbé ẹmu ìtọrọ wá ni yóò kọ́kọ́ mu ún lójú àwọn àna, kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Lábọ̀dé wọlé lọ wọ aṣọ. Abíọ́nà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó yọ ìgò jáde nínú ìró rẹ̀, ó ki ìyẹ́ adìẹ bọ̀ ọ́, ó fi pa ọrùn agbè yípo. Nígbà tó rí i pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fi pa èdídí pẹ̀lú. Òórùn rẹ̀ wọ̀ ọ́ nímú. Ó fi ìgò pa mọ́ sí ìró, ó fi iyẹ̀pẹ̀ nu ọwọ́, ó sì gbé agbè rù.

Ọmọ adẹ́mu ni. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé ìfófó ẹmu á gba inú èdídí gòkè, á ṣàn sí ọrùn agbè, nígbà tó bá sì yá, á tún rọ padà sínú. Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ìloro ilé Olúyọmí nìkan ló wà lójú rẹ̀.

Wọ́n wọ lọ́rì. Lábọ̀dé àti Ilésanmí jókòó síwájú, Abíọ́nà wà lẹ́yìn pẹ̀lú agbè láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà kún fún kòtò, agbè sì ń mì. Kò pẹ́ tí ìfófó funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èdídí. Kò sí kantíkantí kankan. Abíọ́nà rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ajé.

Lọ́rì dúró ní Àkùngbá láti gbé èrò. Ibẹ̀ ni obìnrin kan ti ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, kantíkantí sì ń rọ́ gììrì lórí ọjà rẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn gbọ́ òórùn ẹmu, wọ́n fò wá. Ọ̀kan bà lé èdídí. Ó rìn díẹ̀, ó yí po, ó yí po, ó sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Èkejì bà lé e, ó ṣubú. Ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n bí irun tí atẹ́gùn ń fẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́. Kí èrò tó wọlé tán, wọ́n ti tó mẹ́wàá lórí ìfófó náà.

Agbè kò mì mọ́ nítorí ọkọ̀ dúró. Abíọ́nà ń wò ó. Ìfófó tó ti gòkè, tó ti yí ọrùn agbè ká, tó ti fọ èdídí, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ó ń rọ padà díẹ̀díẹ̀, tòun ti òkú kantíkantí, títí agbè fi gbé e mì.

 "Ó ti wọlé," Abíọ́nà sọ fún ara rẹ̀. "Ó ti wọ inú ẹmu."

Ó fẹ́ pe bàbá rẹ̀.  Kí ni yóò sọ? Pé òun fi oògùn tó ní agbárí òkú pa ẹnu agbè ìtọrọ? Ọkọ̀ gbéra. Kòtò dé, agbè mì, ìfófó gòkè; ilẹ̀ tẹ́jú, ìfófó padà. Ní gbogbo ìgbà tó bá padà, ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ń fi ṣíbí kan bu ikú sínú ẹmu bàbá rẹ̀.  Ó pinnu pé bí òun bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, òun á jẹ́ kí agbè bọ́ kí ó fọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Ìkàrẹ́, Lábọ̀dé fúnra rẹ̀ ló wá sẹ́yìn ọkọ̀.

"Gbé e fún mi. Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n. Ebi ni àbí otútù?"

"Kò... kò sí nǹkan, Bàbá."

"Ìyàwó tí a ń tọrọ kọ́ nìwọ o! Kí lẹ̀rù ń bà ọ́ sí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé agbè lé èjìká ara rẹ̀, ó sì ń lọ. Abíọ́nà ń tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ kò kúrò lára èdídí náà. Ó ń gbàdúrà kí bàbá rẹ̀ fẹsẹ̀ kọ. Lábọ̀dé kò kọsẹ̀. Ẹni tó ti fi ogún ọdún gun ọ̀pẹ kì í ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí ilẹ̀ títẹ́jú.

Ilé Ọlálẹ́yẹ ti kún. Ọ̀jẹ̀wálé, àgbà tí ń gbẹnusọ fún ilé ìyàwó, ti jókòó sí àárín, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Olúyọmí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo orí Abíọ́nà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, àwọn ìbátan rẹ dà? Ṣé o ò pè wọ́n ni?"

Ohun tí Abíọ́nà ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn, kí Olúyọmí wò ó kí ó má rí kantíkantí kan. Ó dé, kò sì dùn rárá.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti kí ara wọn tán, tí wọ́n ti tọrọ, tí wọ́n ti dá wọn lóhùn, Ọ̀jẹ̀wálé yọ èdídí, ó sì yọjú wo inú agbè.

"Áà, Lábọ̀dé! Kantíkantí ti ṣáájú wa mu ún o. Gbogbo wọn ti yó, wọ́n ti sùn!"

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Kò sí ẹni tó fura. Ta ni kò rí òkú kantíkantí rí nínú ẹmu? Ṣebí atẹ́gùn ẹnu la fi ń fẹ́ wọn dànù ká tó mu? Abíọ́nà nìkan ló mọ̀ pé ẹmu kọ́ ló pa ìwọ̀nyí.

Lábọ̀dé dìde. Ilésanmí bu ẹmu kún ahá fún un. Ó fi ẹnu fẹ́ ojú rẹ̀, fúù, òkú kantíkantí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ̀yin àna mi, bí inú mi ti rí sí yín ni ẹmu yìí rí."

Wí i, Abíọ́nà. Wí i nísinsìnyí.  Ó wo Olúyọmí, ó wo àwọn àgbà, ó ronú ohun tí wọn yóò pe òun. Ní ìṣẹ́jú tó fi ń ro ìyẹn, ahá ti kan ẹnu bàbá rẹ̀. Ó rí i tí gògóńgò rẹ̀ gòkè, tó sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ má mu ún!"

Ó fò, ó gbá ahá náà dànù. Ẹmu da sára aṣọ Ọlálẹ́yẹ. 

"Orí ọmọ yìí dàrú ni?" ni Ọ̀jẹ̀wálé kígbe.

Abíọ́nà ti wà lórí eékún. "Oògùn wà níbẹ̀. Oògùn kòkó. Èmi ni. Mo fi pa ẹnu agbè kí kantíkantí má bàa tẹ̀ lé mi. N kò mọ̀ pé yóò wọlé. Mo mọ̀ nígbà tí a dé Àkùngbá, n kò lè sọ."

Lábọ̀dé wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Ẹnu kan ni mo gbé mì," ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹnu kan péré ni."

"Ẹ bu epo wá kíá!" ni Ọ̀jẹ̀wálé wí. "Epo ló ń pa májèlé!"

"Rárá," ni Ọlálẹ́yẹ dáhùn, ẹmu ṣì ń kán lára aṣọ rẹ̀. "A ò mọ irú ohun tó jẹ́. Ọsibítù ló kàn. Ilésanmí, di bàbá rẹ mú. Olúyọmí, da ẹmu yẹn sínú kòtò kí o sì bò ó. Ẹ má jẹ́ kí ẹran kankan fẹnu kàn án."

Lábọ̀dé fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ó ń sọ pé kò sí ohun tó ṣe òun. Kí wọ́n tó dé ẹnubodè ọsibítù, ìka ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, eyín rẹ̀ pa pọ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà ló gan, ó ṣubú mọ́ Ilésanmí lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Abíọ́nà ti rí irú gbígbọ̀n bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, lára ohun tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kígbe, ó fi ọwọ́ bo ojú.

"Kí ló mu?" ni dókítà béèrè. "Ẹnìkan sọ̀rọ̀! Kí ló mu?"

Abíọ́nà yọ ìgò íńkì náà jáde nínú ìró rẹ̀. Ó sọ ibi tó ti wá, ó sọ agbárí òkú ara agolo, ó sọ ìwọ̀n tó fi pa á. Kò fi ọ̀kan pa mọ́. Dókítà gbọ́ òórùn rẹ̀, ó dé ìgò náà padà.

"Ṣé ẹ fún un lépo?"

"A ò fún un."

"Ó dára. Epo ni ì bá tètè gbé irú oògùn yìí wọ ara rẹ̀."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Abíọ́nà jókòó sílẹ̀ níta láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí. Irin bẹ́ẹ̀dì ń dún nínú yàrá. Nígbà tó bá dún, ó mọ̀ pé ara bàbá òun ń gbọ̀n; nígbà tó bá dákẹ́, ẹ̀rù á bà á jù ti ìgbà tó ń dún lọ.

Olúyọmí wá jókòó tì í. 

"Ṣé èmi ni mo fà á?"

Abíọ́nà ro ọ̀rọ̀ náà. "Ìwọ lo fi mí ṣẹ̀sín. Èmi ni mo fi ìyẹ́ adìẹ pa á."

Ìrọ̀lẹ́ kù díẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Lábọ̀dé yè é. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ètè rẹ̀ ti bó níbi tó ti gé e jẹ. Ó ní kí wọ́n pe ọmọ náà wá. Abíọ́nà kúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń retí èpè.

"Wọ́n ń pè ọ́ ní Ìyá Kantíkantí," ni bàbá rẹ̀ wí. Ó ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀. "O ò sọ fún mi rí. Bí mo bá kú lónìí, kí ni wọn ì bá máa pè ọ́?"

Abíọ́nà gbá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú.

"Láti Àkùngbá lo ti mọ̀. Láti Àkùngbá, Abíọ́nà! Ọ̀nà yẹn gùn tó láti sọ gbólóhùn kan."

Kò lù ú. Ì bá sàn fún un bí ó bá lù ú.

Oṣù mẹ́ta ni ọwọ́ Lábọ̀dé fi ń gbọ̀n, adẹ́mu tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kò sì lè gun ọ̀pẹ. Àwọn ọ̀pẹ tó ti kọ tán ń sun ẹmu dànù sórí koríko lójoojúmọ́, kò sí ẹni tí yóò gbà á. Ìsọ̀ Ìyátúndé dá páropáro, nítorí àhesọ ti gba ìlú pé ìdílé Lábọ̀dé ń fi májèlé sí ẹmu. Ọlálẹ́yẹ ní kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sinmi ná fún ọdún kan, Elizabeth sì sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Bàbá Clement fúnra rẹ̀ wá láti Ìfìra, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé, ó sì kan ilẹ̀kùn onígi tó ní kọ́kọ́rọ́ fún ibi tó ń fi oògùn sí.

Ohun kan ni Lábọ̀dé ní kí Abíọ́nà ṣe. "Àhesọ kì í kú bí a bá dákẹ́. Ẹnu tí kò ṣí nígbà tó yẹ, òun náà ni yóò ṣí nísinsìnyí."

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dẹrìn pè é síwájú gbogbo ilé-ìwé. Ó rìn dé ibẹ̀. Igba ojú ló ń wò ó. Ó gbé orí sókè.

"Èmi Abíọ́nà ni mo fi oògùn kòkó pa ẹnu agbè bàbá mi," ó wí. "Bàbá mi kò mọ̀, Ìyátúndé kò mọ̀. Ẹmu wọn mọ́. Ẹ̀rù ẹ̀sín ló bà mí. Nígbà tí mo sì rí i pé mo ti ṣe búburú, ẹ̀rù tún bà mí láti sọ ọ́. Ti èkejì yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá mi."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó parí níbẹ̀, ó gba ìsọ̀ dé ìsọ̀, ilé oníbàárà dé ilé oníbàárà, ó ń sọ gbólóhùn kan náà. Àwọn kan bú u. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó sọ ọ́ dé ilé tó gbẹ̀yìn.

Ẹ̀yin èwe, ẹ fi ọkàn sí èyí. Orúkọ tí wọ́n fi ń ṣe yín lẹ́sín kò gé yín lẹ́sẹ̀, kò sì mú oúnjẹ kúrò lẹ́nu yín. Ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ fọwọ́ kan ohun tí ẹ kò mọ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, fún àgbà tó súnmọ́ yín jù. Ẹni tó tètè sọ, ẹ̀sín ni yóò jẹ. Ẹni tó dákẹ́ títí ahá fi kan ẹnu bàbá rẹ̀, ohun tí yóò jẹ kọjá ẹ̀sín.